Bí Ládiméjì Àkànmú Ṣe Fi Ìlà Mẹ́rin Ko Fóònù Olóyè Bádà Lójú

Ẹ yà fún un! Ẹ ká ẹní kúrò lójú ọ̀nà, ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ní kí àkùkọ ó gbé ohùn rẹ̀ mì, nítorí orúkọ tó ń kọjá bọ̀ yìí fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń fi wọlé. Ládiméjì Àkànmú là ń wí, ọmọ Oyèkànmí Agbọ̀rọ̀dùn, ọmọ-ọmọ Ọ̀rọ̀kúnlé, ẹni tó ki ahun kan ní ìlú Òkè-Ọsàn títí ahun náà fi ṣí fìlà orí rẹ̀ tó fi ta á lọ́rẹ, tó délé tán tó wá ń sunkún fìlà. Oyèkànmí tó bí i kò kéré rárá: ajá gé e jẹ níjọ́ kan, kàkà kó figbe ta, ńṣe ló kọjú sí ajá, ó kì í láti imú dé ìrù, ojú sì ti ajá náà débi pé ó padà wá ń lá ojú ọgbẹ́ bí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Ọmọ wọn kì í fi ẹkún wáyé bí ọmọ tiwa, gbólóhùn ni wọ́n ń gbé wá láti ọ̀run, agbẹ̀bí yóò sì dúró kó parí rẹ̀ kó tó gé ìwọ́. Ọmọ tí ẹkùn bá sì bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Ládiméjì jọ ẹkùn. Ó ga, ó sì ní ọ̀fun tó gùn bí ọ̀nà oko. Bó bá ń bọ̀ pẹ̀lú agbádá aláwọ̀ ewé rẹ̀, tó ju apá ọ̀tún sí èjìká òsì, tó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sùn nínú ìlú a dìde, wọn a bọ́jú, wọn a tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ogun. Kò sí òkú tó wọlẹ̀ sinmi ní Òkè-Ọsàn tí kò jẹ́ pé Ládiméjì ló ṣí ọ̀nà fún un, kò sí ọmọ tó gba orúkọ tí kì í ṣe òun ló fi ewì gbé e jókòó, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbìyànjú láti ṣílé láìpè é, òjò a máa já lórí ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ káfíńtà ni.

Ọ̀tá tí ọkùnrin ogun yìí wá bá pàdé kò ní ọrùn tí a lè gé, kò ní ẹsẹ̀ tí a lè fi gìrìpá gbé ṣubú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, àpò ẹ̀wù Olóyè Sùlèmánà Bádà ló fi ṣe ilé, igbá-àyà Olóyè gan-an ló sì fi ṣe ìrọ̀rí. Fóònù ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyáàfin Fọláyẹmí Ògúnṣakin, wolé-wolé ìlú, fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Obìnrin tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan, tó ń fi wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, bó bá rí tanwíjí kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi, yóò gbé ìkòkò náà dorí kodò lójú ẹni tó pọn ọ́n, ìbáà jẹ́ ìyàwó ọba. Gbogbo ìlú ń sá fún un, gbogbo ìlú ló sì gbà pé ó yẹ kí àwọn dá a lọ́lá, nítorí àìsàn onígbá méjì tó kó ọmọ lọ ní àwọn ìlú tó yí wa ká kò ráyè jókòó ní Òkè-Ọsàn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n fi Olóyè Bádà ṣe alága.

Olóyè Bádà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti fún un ní fóònù tuntun, ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ohun tí wọ́n ń pè ní ééáì sọ̀rọ̀, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó sí kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí orúnkún àgbà kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n nítorí àga ọmọdé, Olóyè fa fóònù yọ.

Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ewì ti tán. Mo ní kí nǹkan yìí kọ ewì fún Ìyá Wolé-wolé. N kò tíì mí délẹ̀ tó fi parí ẹ̀.”

Ó gbé e síwájú ojú, ó kà á:

“Fọláyẹmí, ìyá rere, òṣùpá tó ń tàn nínú òkùnkùn,
Odò tí kì í gbẹ, igi ńlá tó fi ibòji bo ìlú,
Ìwà rẹ dùn ju oyin lọ, iṣẹ́ rẹ ń fọhùn bí agogo,
Ìran tó ń bọ̀ kò ní gbàgbé rẹ láéláé.”

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó dùn. Akápò ní ohun tó tún dùn jù níbẹ̀ ni pé fóònù kì í jẹ ẹran, kì í mu ẹmu, kò sì ní béèrè agbádá tuntun.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí akọni wa fi wọlé. Ó pẹ́ dé, gẹ́gẹ́ bí i ti àwọn ẹni ńlá, kò sì gbọ́ ohun tó ti kọjá. Ó dúró láàárín kíláàsì, ó ju apá agbádá, ó húkọ́ débi pé ẹfun tó wà lẹ́sẹ̀ pátákó ìkọ̀wé bọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti gbé ewì Fọláyẹmí dé, kí ìgbìmọ̀ ó di ara wọn mú. Ó wá bú ramúramù:

“Fọláyẹmí, ìyá rere! Òṣùpá a-tàn-nínú-òkùnkùn! Odò a-bù-má-gbẹ! Igi ńlá a-fi-ibòji-bo-ìlú! Ìwà rẹ dùn, ó ju oyin lọ...”

Ìgbìmọ̀ ń wo ara wọn lójú. Ládiméjì rò pé ẹ̀rù ògo òun ló ń bà wọ́n, ló bá tún fi ohùn kún ohùn. Ìyá Ràṣídà, opó kan tí í ṣe ìyálóde àwọn obìnrin inú ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ fi etí ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣe, kò lè pa á mọ́ra mọ́, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì tẹ̀lé e bí odò tó ya bèbè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ewì méjèèjì kò ju pé itọ́ wà nínú ti Ládiméjì.

Wọ́n ka ti fóònù sí i létí. Ojú akọni pọ́n.

Ó ní, “Olè ni! Ó jí i! Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ!”

Ìyá Ràṣídà nu omijé ẹ̀rín. Ó ní, “Àkànmú, bóyá ó jí i lóòótọ́. Ìwọ náà ńkọ́, ọwọ́ ta lo ti gbà á? Ohun tí bàbá rẹ fi ki bàbá mi níjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Òun náà lo fi ki ọkọ mi. Ìgbà tí a sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, o tilẹ̀ gbàgbé láti yọ ti ọkọ mi kúrò, o ní ọmọ tí a bí lọ́sẹ̀ náà wa rélùwéè láti Èkó dé Kánò láìforí sọ nǹkan kan, títí ó fi fẹ̀yìn tì.”

Kò sí ọ̀kọ̀ tó tíì gún ọmọ Oyèkànmí tó báyìí rí. Ó wo Olóyè, ó wo akápò, ó wo fóònù tó sùn sórí tábìlì tí kò bínú, tí kò yọ̀. Olóyè Bádà, ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan ó rọrùn, ní kí ó máà bínú, pé ti fóònù yìí tilẹ̀ ti dára tó bẹ́ẹ̀ débi pé bí àwọn bá pààrọ̀ orúkọ, àwọn lè fi kí Imáàmù àti Àlùfáà bákan náà. Ìgbìmọ̀ ní àbá rere ni. Ìyẹn gan-an ló wá dun Ládiméjì jù, nítorí ó gbọ́ iṣẹ́ ìgbésí ayé ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì rí ibi tí yóò gbà jiyàn.

Ṣùgbọ́n àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Akọni na ìka sí fóònù, ó búra lójú gbogbo ìgbìmọ̀ pé bí ọjọ́ ayẹyẹ bá pé, tí òun kò bá gbé ewì tí ẹ̀rọ yẹn kò lè gbé wá, òun kò ní la ẹnu níbi òkú tàbí níbi ọmọ ní Òkè-Ọsàn mọ́, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ òun yóò di ohun tí a fi ń jẹun lásán. Ìgbìmọ̀ ní kí Ọlọ́run fún un ṣe. Àwọn kan ti ń ro ẹran tí wọn yóò máa rí mú sílé.

Ẹ wá wo ogun! Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ládiméjì gbé àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tó tẹ́ bébà síwájú bí ẹni tẹ́ ilẹ̀ ogun, tó fa bírò yọ nínú àpò bí ẹni fa idà nínú àkọ̀, tó wá pàṣẹ fún ọ̀rọ̀ kó jáde wá. Ọ̀rọ̀ sì jáde. Òṣùpá ló ṣáájú. Ó fagi lé òṣùpá. Odò rọ́ wọlé. Ó gbá odò dànù. Igi ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ó gé igi lulẹ̀. Ló bá rò pé òun ti ṣẹ́gun, ó tẹ bírò mọ́ bébà kó máa kọ, ó wo ohun tó kọ, òṣùpá mìíràn ni. Òógùn bò ó. Ó rún bébà sọnù, ó mú òmíràn. Èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Máńgòrò já lù ú léjìká, kò wo ibi tó ti já. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti fi ṣe ọmọ ogun láti ìgbà èwe wá ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń wò ó, ó sì dà bíi pé wọ́n ń bi í pé ta ló fẹ́ kí àwọn lọ bá jà.

Aya rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́, aránṣọ ni. Inú páálọ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú fèrèsé ló ti ń wo ogun náà. Nígbà tí ẹ̀fọ́rí ìran yẹn fẹ́ mú òun náà, ó ké sí i.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, ta lẹ ń kì?”

“Fọláyẹmí Wolé-wolé ni.”

“Kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀?”

Ládiméjì wo bébà iwájú rẹ̀. Òṣùpá ló wà níbẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ ní, “Èmi ò kì í gé aṣọ ẹni tí mi ò tíì wọ̀n.” Ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Báyìí ni akọni ṣe gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, tó kọjá ẹ̀yìn ilé ìwé, tó la adágún ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà kọjá, tó bá ajá ẹlẹ́ran wo ara wọn lójú, tí ajá sì kọ́kọ́ gbójú kúrò, tó fi dé ilé Fọláyẹmí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kékeré ni ìgboyà yìí. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí Ládiméjì ti ń sá fún obìnrin náà nítorí dúrọ́ọ̀mù omi kan tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tí tanwíjí ti ń bí sí i tí wọ́n sì ń rẹ̀ sí i láìsí wàhálà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wí pé ká padà. Ọlá ìdílé ní ó di dandan.

Ó bá ìyá náà lórí àga pákó níwájú ilé, tó ń sá bàtà rẹ̀ sóòrùn, bàtà iṣẹ́ dúdú, wọ́n tò lọ rẹrẹ lórí ògiri kékeré. Ládiméjì dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ̀mí.”

“Àkànmú. Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù ẹ yẹn ni àbí?”

“Rárá, Mọ̀mí. Wọ́n ní kí n wá kì yín lọ́jọ́ ayẹyẹ ni. Mo ní kí n wá béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ kí n sọ.”

Ìyá gbé bàtà kan, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Èwo ni kó o wá béèrè? Òṣùpá náà lo máa sọ. Òṣùpá lo pe àbúrò mi níjọ́ tí a sin ín. Àbúrò mi ò jọ òṣùpá. Ẹlẹ́fẹ̀ ni. Bí a bá jókòó nínú ìjọ, á máa fi ẹnu ṣe bí oníwàásù títí ẹ̀rín á fi pa mí, èmi ni wọ́n á lé síta, òun á jókòó bí áńgẹ́lì. Mo dúró lẹ́nu sàréè lọ́jọ́ yẹn, mo ń dúró kó o sọ nǹkan kan tó jọ ọ́. O ò sọ ọ́. Mo kàn ń wò ẹ́ ni, mo ní ta ni ọkùnrin yìí ń sin?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ rí ibi tí ọkùnrin ogun ti ń ṣubú láìsí ẹni tó tì í. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mọ̀mí,” ohùn náà sì kéré débi pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá náà, tó dákẹ́. Ẹnu tó ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i gba ìsinmi. Nítorí pé ẹnu sinmi, ojú rí àyè. Ó ń wo bàtà tó tò sórí ògiri. Ó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó pẹ́, ó béèrè ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.

“Mọ̀mí, kò sí èyí tó lókùn nínú bàtà wọ̀nyí?”

“N kì í wọ bàtà olókùn. Ó máa ń dùn mí lẹ́sẹ̀.”

Ládiméjì yíjú sí i. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé bí Ìyá Wolé-wolé bá ti dé ìyànà àdúgbò, á bẹ̀rẹ̀, á máa so okùn bàtà, á pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa sín in jẹ. Àwọn àgbà ní ìbàdí ló ń dùn ún.

“Kí lẹ wá ń so?”

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ lè wà lẹ́yìn ògiri.

“Òfin ní kí n já lù wọ́n lójijì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìyànà, tí wọ́n bá rí mi, wọ́n á kígbe pé ‘Wolé-wolé ń bọ̀ o!’ Ìwọ náà mọ igbe yẹn. Kíá, gbogbo ilé á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á máa da omi ìdọ̀tí nù, wọ́n á máa fọ ìkòkò. Bí mo bá tètè wọlé, wọn ò ní lè parí ẹ̀, máa wá kó wọn lọ sí kóòtù. Kí ni mo fẹ́ fi kóòtù ṣe? Kí wọ́n gbálẹ̀ ni mo fẹ́. Mo bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ pé ariwo ìgbálẹ̀ ti rọlẹ̀, máa dìde.” Ó gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹnikẹ́ni ò béèrè rí.”

“Ṣé mo lè sọ ọ́, Mọ̀mí?”

“Mo ti ń fẹ̀yìn tì lọ. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n lé mi ni?”

Ládiméjì kò bá ajá kankan wojú nígbà tó ń padà lọ sílé. Ó ń sáré ni, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Bí ogun ìṣáájú bá le, eléyìí le jù ú lọ, nítorí ìgbà yìí, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ kò sì fẹ́ gbé e bó ṣe rí. Ó kọ ìlà kan, ó fagi lé e. Ó tún kọ ọ́. Òṣùpá yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Dípò kó lé e, ó dì í mú, ó fi ṣe ẹrú. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi ní ìlà mẹ́rin. Mẹ́rin! Ọkùnrin tó ń sọ igba láìmí lójú sàréè! Bébà náà dọ̀tí, ó kún fún ìlà ìfagilé bí ara ẹni tó jà nínú ẹ̀gún.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Ìyá Fọláyẹmí jókòó síwájú pẹ̀lú àpamọ́wọ́ lórí itan, ojú rẹ̀ le bí ìgbà tó bá ń wo ìkòkò, ọ̀gá rẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóyè Bádà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ka ewì fóònù sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìlú pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa, bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti fún ẹni tó wá tún bọ́tìnnì ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe. Ìyá Fọláyẹmí náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà náà ni wọ́n pe Ládiméjì Àkànmú. Kò húkọ́. Kò ju apá agbádá. Ó mú bébà ìdọ̀tí náà jáde, ó sì kà á bí ẹni tó ń ka àyọkà ní kíláàsì kìíní:

“Fọláyẹmí, abẹ̀rẹ̀-so-okùn-bàtà-tí-kò-lókùn,
Tó gbọ́ ‘Wolé-wolé ń bọ̀,’ tó dúró ní ìyànà kí ìgbálẹ̀ lè ṣáájú rẹ̀ wọlé...”

Ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ yíjú wo Ìyá Fọláyẹmí; Ìyá Fọláyẹmí ń wo òrùlé. Lójijì ni obìnrin kan dìde lẹ́yìn.

“Áà! Ìyànà tiwa ni! Ìyànà Òkè-Àkó! Ẹ̀gbẹ́ ilé wa gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí!”

“Irọ́ ni!” Bàbá kan fò dìde láti apá ọ̀tún. “Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú mi rí i! Mo tiẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín!”

“Ṣé ìbàdí kọ́ ló ń dùn ún ni?”

“Àṣé gbogbo ìgbà tí à ń fọ ìkòkò!”

Kí a tó ṣẹ́jú, gbọ̀ngàn ti dà rú. Àdúgbò ń bá àdúgbò jà, olúkúlùkù fẹ́ kó jẹ́ pé ìyànà tiwọn ni ìyá náà dúró sí pẹ́ jù. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ láti fi hàn bó ṣe máa ń so ó, ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún òsì ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ìyá Ràṣídà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Láàárín ariwo yìí ni Ládiméjì ka ìlà méjì tó kù, ohùn rẹ̀ kò sì dé ju ìlà àga iwájú lọ:

“Kì í ṣe òṣùpá, tọ́ọ̀ṣì ni, inú ìkòkò ló ń tàn sí;
Ẹni tí a ń sá fún, òun ló ń dúró dè wá.”

Àbẹ̀jẹ́ gbọ́ ọ. Ìyá Fọláyẹmí náà gbọ́ ọ, ó sì gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ bo ojú.

Olóyè Bádà kì í ṣe ẹni tí í fi ogun sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù, ó ti fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ bàtà àti ìyànà sínú rẹ̀, ó sì fò dìde pẹ̀lú ìlà mẹ́jọ tó gbóná lọ́wọ́. Ó kà á. Kí a má purọ́, ó dára. Ó tilẹ̀ dán ju ti Ládiméjì lọ, ìlà kan kò gùn ju ìkejì lọ, kò sì sí ibi tó ti kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà àti Òkè-Àkó ń pariwo lọ́wọ́, etí kò ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni.

Olóyè ní, “Ṣé ẹ rí i? Òun náà sọ ti bàtà!”

Ìyá Ràṣídà kọjú sí i. “Ta ló sọ fún un?”

“Èmi ni.”

“Ta ló sọ fún ìwọ?”

Olóyè wo fóònù. Ó wo Ládiméjì. Ó rọra fi fóònù padà sínú àpò, ó ní kí wọ́n máa pín oúnjẹ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìyá Fọláyẹmí dìde, ó rìn lọ bá akọni níbi tó dúró sí, tí kò tíì mọ̀ bóyá ó jà ní àjàṣẹ́gun tàbí ó jà ní àjàkú. Ó na ọwọ́.

“Fún mi ní bébà yẹn.”

“Mọ̀mí, ó dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un kọ.”

“Iṣẹ́ kí lo rò pé mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá? Mú un wá.”

Ó gbà á, ó ká a sí kékeré, ó fi sínú àpamọ́wọ́, ó sì pa á dé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Òkè-Ọsàn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará ìlú kejì gbọ́! Kí ọjà ó dúró, kí mọ́tò ó pa fèrè! Ládiméjì Àkànmú, ọmọ Oyèkànmí tó fi ìyìn ra ajá lọ́kàn, ọmọ-ọmọ Ọ̀rọ̀kúnlé tó gba fìlà lórí ahun, ajagun abẹ́ máńgòrò, amú-òṣùpá-lẹ́rú, apa-ẹnu-mọ́-kí-ojú-lè-ríran, ti jagun, ó sì ti ṣẹ́gun: ó kọ ìlà mẹ́rin! Ìlú gbọ́ méjì níbẹ̀. Ìlà kejì gùn díẹ̀ jù, òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òkú kan, kò sí ọmọ tuntun kan, kò sí Imáàmù, kò sí Àlùfáà tí a lè pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ sínú wọn láé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò sin bàbá kan ní Òkè-Àkó. Akọni ti gbéra láti àárọ̀ yìí, ó ti wà ní ilé wọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ olóòkú, ó ń béèrè pé kí ni bàbá náà máa ń fi bá wọn ṣẹ̀fẹ̀.